Bí Mo Ṣe Ka Ilà Ojú Àwòrán Arìn Nínú Igbó Ìpamọ́

Ohun tí ẹ ti ń fura sí láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀ mí, òótọ́ ni: ọdẹ a máa purọ́. Ẹran tó sá lọ ló máa ń tóbi jù, èyí tí a pa kì í sì í ní ẹlẹ́rìí ju egungun lọ. Èmi Ọdẹ́rìndé, mo ti purọ́ títí irọ́ fi sú mi. Irọ́ pípa gba agbára, ẹni tó bá sì ti pé àádọ́rin ọdún kò ní agbára tí yóò fi rántí ohun tó sọ lánàá. Nítorí náà, ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án òní, òótọ́ ni. Kì í ṣe pé mo ti di ènìyàn rere o. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì yẹn kúrò nínú oòrùn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó dúró dìgbà tí mo bá dákẹ́ láti mí. Kò ní í pẹ́, torí mò ń mí léraléra báyìí.

Ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán ara mi létí. Èmi ni ọdẹ tí ẹkùn rí tó ní òun ń lọ kí àna òun. Èmi ni mo wo ojú ẹsẹ̀ ìgalà kan lẹ́bàá àpáta, tí mo sọ fún àwọn tó tẹ̀lé mi pé abo ni, pé ó lóyún, pé ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ jà. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a bá ẹran náà, abo ni, ó lóyún, akọ kankan kò sì sí nítòsí rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, kí lẹ rò pé ó lé ọkọ lọ? Sàlámì télọ̀, má fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ, mo rí ẹ̀rín tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ẹran tí mi ò lè fi àmì dá mọ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ìgbéraga mi náà sì nìyẹn. Àwọn méjèèjì ti ń gbé inú yàrá kan náà fún àádọ́ta ọdún, wọn kò tíì bá ara wọn jà rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, obìnrin kan wá bá mi láti Ìdí-Ọ̀mọ̀, ìlú tí mi ò dé rí. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, ó sì ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri bí ó ti ń wọlé.

“Ẹ kú ilé o, Bàbá ọdẹ.”

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ rọra, àga wà lápá ọ̀tún yín.”

“Mo rí i. Apá ọ̀tún ni mo ṣì ń rí. Ojú òsì ti lọ ní tirẹ̀, dókítà sì ní kí òjò ọdún yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀, èkejì á tẹ̀lé e. Wọ́n ní kò sí ohun tó sọnù tí ẹ kì í rí.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni. Wọ́n ní gbogbo ibi tí ẹ bá dé lẹ ti ń sọ ọ́.”

Mo fẹ́ràn obìnrin náà lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi, ó wá ṣàlàyé. Adígún, ọkọ rẹ̀, ló ń kọ ọ̀rọ̀ tó sì ń ya àwòrán sára ọkọ̀ akẹ́rù nígbà ayé rẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò rí. Ó ní ẹni tó ń ya ayé, ayé kì í ya á. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gun àkàbà mọ́, wọ́n fún un ní kọ̀ǹpútà kan. Ojú kọ̀ǹpútà yẹn ló ya ara rẹ̀ sí, ewé lórí ewé, ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú nínú èyí, ẹsẹ̀ òsì níwájú nínú ìyẹn, tó fi jẹ́ pé bí àwọn ewé náà bá ń sáré tẹ̀lé ara wọn, wàá rí Adígún tó ń rìn bọ̀ wá sílé. Adígún kú. Lẹ́yìn ọdún kan, kọ̀ǹpútà náà kú tẹ̀lé e. Àwọn oníṣẹ́ tú u palẹ̀, wọ́n ní kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́.

“Bàbá ọdẹ,” ó ní, “ohun tí ojú mi bá rí kẹ́yìn ni màá máa rí títí màá fi kú. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun, tó ń bọ̀ wálé.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ọmọ ènìyàn bá bá yín sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà á dìde. Mo dìde. Orúnkún mi sọ ohun tó fẹ́ sọ, mi ò dá a lóhùn. Mo ní, “Màmá, ẹ padà sílé, kí ẹ lọ nu àga tí ẹ ó jókòó sí wò ó.”

Ẹ̀yin ará òde òní rò pé bí fóònù bá bọ́ sínú kànga, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti parun. Rárá o. Igbó kan wà ní ẹ̀yìn òkè méje, Igbó Ìpamọ́ ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá sọ nù ń wọ́ lọ: lẹ́tà ìfẹ́ tí wọn kò fi ránṣẹ́, orin tí wọ́n kọ dé àárín, fọ́tò ìgbéyàwó àwọn tí kò fẹ́ ara wọn mọ́, èsì ìdánwò, àti àwòrán tí ń rìn. Fáìlì ni ẹ̀yin ń pè wọ́n nínú ẹ̀rọ. Nínú igbó yẹn, ẹran ni wọ́n, wọ́n ń jẹko káàkiri bí ewúrẹ́ tí kò ní olúwa. Bí mo ṣe rìn débẹ̀, ẹ má bi mí. Ìrìn ni, gbogbo ìrìn jọra wọn, ẹsẹ̀ kan náà ló sì ń dùn mí nínú gbogbo wọn.

Ní ẹnu igbó, ìyá arúgbó kan jókòó sórí kùkùté. Ìka mẹ́jọ ló wà ní ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ìka mẹ́jọ ní ti òsì. Ó wò mí láti bàtà dé fìlà bí ẹni ń wo iṣu tí kòkòrò ti jẹ.

“Ọdẹ, kí lo ń wá?”

“Àwòrán tí ń rìn ni, Ìyá.”

“Báwo ni wàá ṣe dá a mọ̀?”

“Màá wo ìrù rẹ̀.” Torí mo ti gbọ́ pé gbogbo ẹran ibẹ̀ ló so orúkọ mọ́ ìrù, dọ́ọ̀tì kan àti lẹ́tà mẹ́ta, bí aago tí wọ́n so mọ́ ọrùn màlúù.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ta ló so orúkọ mọ́ ìrù? Ẹni tó bá wù ú ni. Bí mo bá mú ìrù ẹṣin so mọ́ ìdí ewúrẹ́, ṣé wàá gùn ún dé ọjà?”

Ó ní, “Iwájú orí ni kí o wò. Gbogbo ìdílé tó wà nínú igbó yìí ló kọ ilà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Pélé mẹ́ta yìí, bàbá bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́. Ibikíbi tí mo bá dé, kí n tó la ẹnu, àwọn àgbà ti mọ agbo ilé tí wọ́n ti bí mi. Mo ní, “Ìyá, ẹ kọ́ mi ní ilà wọn.”

“Kí lo máa fún mi?”

“Mo ní ẹran gbígbẹ.”

“Mi ò ní eyín.”

“Mo ní tábà.”

“Mi ò ní èémí tí màá fi fà á. Ìtàn tí o fẹ́ràn jù láti fi yangàn ni kí o fún mi, kí o má sì tún fi yangàn mọ́ láéláé.”

Ẹ ti mọ èyí tó jẹ́. Ìtàn ẹfọ̀n ni. Mo ti fi ìtàn yẹn jẹun ní ìlú mọ́kànlá, mo ti fi fẹ́ ìyàwó kan. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú Àwẹ̀ró, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti yìnbọn, ìyá náà gbé ìka kan sókè.

“Ìbọn mélòó?”

“Ọ̀kan péré.”

Ó ń wò mí. “Mẹ́ta,” mo ní. Ó ṣì ń wò mí. “Ìyá, ẹ forí jì mí. Ó ti kú kí n tó débẹ̀.”

“O káre,” ó ní. “Òótọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà, kì í ṣe awọ rẹ̀.”

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò fi ẹfọ̀n náà yangàn fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu igbó ni mò ń sọ.

Ó wá kọ́ mi. Ó ní àwòrán arìn tí mò ń wá, ilà mẹ́fà ló wà níwájú orí rẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún: G, I, F, 8, 9, àti a kékeré. Ó ní àwọn àgbà kan wà nínú ìdílé náà tó jẹ́ pé 7 ló wà níbi tí ó yẹ kí 9 wà. Àwọn yẹn ti darúgbó, wọn kì í sábà rìn, wọ́n kàn máa ń jókòó. Ó ní mẹ́fà ni kó pé, kí n má gba márùn-ún, kí n má sì gba mẹ́fà tí kò tò bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ló ní lẹ́tà máa ń tan ojú, kí n mọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, torí ìyá náà kì í ka nǹkan bí àwa ṣe ń kà á. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí ìka: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé ẹẹ́sàn-án. Mo ń retí ẹẹ́wàá, ó ní á. Ó ní bí. Ó ní sí, dí, í, ẹ́fù. Nígbà tó kan ìka kẹrìndínlógún ló tó ní ẹẹ́wàá.

“Ìyá, mẹ́rìndínlógún nìyẹn.”

“Lọ́wọ́ tìrẹ. Lọ́wọ́ tèmi, ẹẹ́wàá ni. Ìka mélòó ni wọ́n fi dá ọ tí o fi ń bá mi jiyàn?”

Mo gbà. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í ka ìka ọ̀gá. Ó ní kí n há a sórí: 47, 49, 46, 38, 39, 61. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo kà á, mo sì há a sórí. Títí di òní, bí mo bá ń sùn lọ, òun ni mo máa ń kà.

Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí ẹran kan lórí òkìtì. Ó rẹwà, ó sanra, àwọ̀ ara rẹ̀ ń dán yinrin, ó fa fìlà wálẹ̀ dé ojú, ó sì ń fi ìrù rẹ̀ lé eṣinṣin. Lára ìrù náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà gadagba: dọ́ọ̀tì, G, I, F.

“Ọdẹ, ẹ káàbọ̀ o! Èmi lẹ ń wá.”

“Báwo lo ṣe mọ ẹni tí mò ń wá?”

“Gbogbo ẹni tó bá wá síbí, èmi ni wọ́n ń wá. Àbí ẹ kò rí ìrù mi ni?”

“Mo rí i. Ṣí fìlà.”

“Fìlà kẹ̀? Ẹni tí a bí ire kì í ṣí fìlà fún àlejò. Ẹ jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún yín. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, màá ṣí i. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé mi lọ bí mo ṣe wà. Kí ló ń rìn láti àárọ̀ dalẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, tó ń padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ láì yíjú pa dà?”

“Ìwọ ni,” mo ní, “bí o bá jẹ́ ẹni tí o pe ara rẹ. Ó yá, rìn kí n rí i.”

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú mi. Ó ní ẹsẹ̀ òun kú. Mo fi ẹnu ìbọn ti fìlà rẹ̀ sókè. Ilà tó wà níbẹ̀: àmì àjèjì kan tí mi ò lè pè, lẹ́yìn rẹ̀ P, N, G. Ìdílé àwọn àwòrán ajókòó. Kò rìn rí láyé rẹ̀, kò sì ní í rìn. Ojú tì í, àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán sì ṣá díẹ̀.

“Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà lórí òkìtì yìí,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wo iwájú orí mi. Àwọn yòókù, ìrù ni wọ́n ń kí.”

“Ta ló so ó mọ́ ọ?”

“Ẹnì kan tó ń kánjú ni. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá fìlà mi padà.”

Mo dá a padà. Irú rẹ̀ pọ̀ nílùú yìí náà, mi ò sì ṣí fìlà wọn. Sàlámì, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹta, mo dé etí odò kan tó fẹ̀, tó dúdú, tí kò ní afárá. Ẹṣin kan ń sáré létí rẹ̀, kò sì dún rárá, torí ìdílé yẹn kì í lóhùn. Mo wo iwájú orí rẹ̀: G, I, F, 8, 9, a. Mo ka nọ́ńbà rẹ̀ sábẹ́ èémí, ó pé. Ayọ̀ kún inú mi. Mo ní kó tó di pé mo wá Adígún rí, ẹ jẹ́ kí ìbátan rẹ̀ gbé mi sọdá. Mo gùn ún. Ó sáré wọ odò, ó ń sáré lórí omi bí ẹni ń sáré lórí ẹní. Àfi bí a ṣe dé àárín gbùngbùn tí orí rẹ̀ ń rìn tí ìdí rẹ̀ di eérú. Èémí kan lẹ́yìn náà, kò sí ẹṣin mọ́. Ewé tó kàn kò sí. Mo jókòó sórí òfìfo, ẹ sì mọ̀ pé òfìfo kì í gbé àgbàlagbà. Mo rì. Omi gbà mí ní ẹnu, ó gbà mí ní imú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe àwọn baba ńlá mi, èyí tó lè wẹ̀ nínú wọn kò sì sí. Ìwọ̀ kan ló kọ́ mi lẹ́wù, tó sì ń fà mí lọ.

Apẹja kan ni, irun ojú rẹ̀ gùn dé ìdodo. Ó gbé mi jù sínú ọkọ̀ rẹ̀, lórí apẹ̀rẹ̀ tó kún fún ewé yíya.

“Orí nìkan lo wò?” ó ní.

“Ilà rẹ̀ pé!”

“Ilà pé. Ara ńkọ́? Àwọn yìí ni àwọn tí iná lọ nígbà tí wọ́n ń gbé wọn bọ̀, tàbí tí dátà tán lójú ọ̀nà. Orí dé, ìdí kò dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń kó wọn nínú odò yìí, ojoojúmọ́ náà ni mò ń kó àwọn ọdẹ tó gùn wọ́n.”

“Ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa mọ èyí tó dé tán.”

“Kọ́kọ́ sọ pé òmùgọ̀ ọdẹ ni ọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta.”

Èmi tí ẹkùn ń sá fún. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Omi ṣì wà nímú mi, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn létí, ó sì ní òun kò gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì dáadáa. Mo tún un sọ. Ó wá ní, “Lẹ́yìn ilà mẹ́fà yẹn, wo ọrùn rẹ̀. Wọ́n kọ ìbú àti gíga rẹ̀ síbẹ̀. Wọ̀n ọ́n fúnra rẹ. Bí ara rẹ̀ kò bá bá ohun tó wà lọ́rùn mu, sá. Ka ewé rẹ̀ kí o rí i pé ó ju ọ̀kan lọ, torí ọmọ ilé náà mìíràn wà tí kò ní ju ewé kan, tí kò sì lè rìn. Lẹ́yìn náà, wo òpin pátápátá. Èyí tó bá dé tán, àmì kan ló fi ń parí: dọ́ọ̀tì lókè, kọ́mà nísàlẹ̀. Ìyá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, 3B ló ń pè é. Bí o kò bá rí i, má gùn ún.”

Bí ó ṣe sọ̀ mí kalẹ̀ sí èbúté kejì kọ́ ni kí ẹ bi mí. Bí mo ṣe pàdé èyí tó fẹ́ jẹ mí ni kí ẹ bi mí. Ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú pápá, ilà mẹ́fà pé níwájú orí, ọrùn rẹ̀ sì sọ pé ìbú òun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Mo ní apẹja náà kò ní í tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: mẹ́wàá, ikùn ṣì ń lọ, ogún, ikùn ṣì ń lọ, ogójì, mo rí i pé ibi tí mo tẹ̀ gbóná, ó sì ń mí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èké ni orí tí mo kà. Wọ́n fi èédú kọ ọ́ ni. Ohun tó wà lábẹ́ awọ náà ni àìsàn tí ẹ̀yin ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, wọ́n ń rá pálá bí ìdin nínú ọ̀pẹ jíjẹrà. Ikùn náà là. Mo sá. Ọmọ àádọ́rin ọdún sá, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sọ pé mo ń tiro. Wọ́n gba àpò ẹran gbígbẹ mi, wọ́n gba ẹ̀wù àwọ̀lékè mi, wọ́n gba ìdajì bàtà òsì. Ìbọn àti àpò tí mo gbé wá fún Adígún nìkan ni mo gbà sílẹ̀. Nígbà tí mo dúró, mo jókòó sábẹ́ igi kan, mo sì sunkún díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ó kàn rẹ̀ mí débi pé ojú mi náà fẹ́ sinmi.

Ní ọjọ́ keje, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, mo yọ sí gbangba kan tí koríko rẹ̀ kúrú. Ọkùnrin kan ń rìn níbẹ̀. Ó wọ dàńṣíkí, ó dé fìlà, ó ń ju apá. Ó gbé ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni ń kí ará ilé, ojú rẹ̀ sì tàn. Lẹ́yìn náà ló tún wà ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó tún ń bọ̀. Àwọn mìíràn ń rìn kiri lókèèrè, lábẹ́ igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi. Mi ò yà sí wọn. Ẹni tó ti rí tirẹ̀ kì í ka ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọdẹ kì í kọ́gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mi ò sáré. Mo fi itọ́ pa iwájú orí rẹ̀ bóyá èédú á ṣí, kò ṣí. G, I, F, 8, 9, a. Mo ka nọ́ńbà ìyá oníka púpọ̀, ó bọ́ sí i. Mo wo ọrùn rẹ̀: gíga, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ìbọn mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Mo fi wọ̀n ọ́n, ìbọn kan àti ààbọ̀, mẹ́fà géérégé. Mo ka ewé rẹ̀, mẹ́rìndínlógún, tí ìyá yẹn ìbá pè ní ẹẹ́wàá. Mo wo òpin: dọ́ọ̀tì lókè, kọ́mà nísàlẹ̀. Kò sí ohun tí ọdẹ ayé lè wò tí mi ò wò. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì rẹ́rìn-ín fún ara mi nínú igbó náà, torí kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá mi rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Adígún, ó tó gẹ́ẹ́. Ìyàwó rẹ ń retí rẹ.” Kò fèsì, ìdílé wọn kì í lóhùn. Mo ká a wọ inú àpò, ó sì ń rìn ìgbésẹ̀ mẹ́jọ rẹ̀ lọ lẹ́yìn mi láti igbó dé Ìdí-Ọ̀mọ̀, ìgìrìpá kan tó ń gbá mi ní ẹ̀yìn láìdúró.

Òjò kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí mo dé. Àwẹ̀ró ṣì ń ríran díẹ̀. Ó ti nu àga. Àwọn ará ilé kún inú pálọ̀, àwọn kan sì ń yọjú lójú fèrèsé, mi ò sì lè fi irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú bàtà kan àti ìdajì, mo ròyìn gbogbo rẹ̀: ìrù tó ń parọ́, ẹṣin tó tán lójú ọ̀nà, ikùn tó ń mí. Mo ka ilà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún wọn. Mo fi ìbọn hàn wọ́n bí mo ṣe wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin kan ní, “Ọdẹ yìí mọ ìwé o!” Mo ní kó tún un sọ.

“Bàbá ọdẹ,” Àwẹ̀ró ní, “ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i.”

Mo tú àpò, mo gbé e ti ara ògiri. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gbogbo ilé pariwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé ọwọ́ mi sókè. Àwẹ̀ró fa àga rẹ̀ sún mọ́ ògiri títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ń fi ojú ọ̀tún wò. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, ọwọ́ sókè. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, ọwọ́ sókè. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Ariwo ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí òun nìkan ni kò pa á.

“Ó ń rìn dáadáa,” ó ní.

“Ilà rẹ̀ pé, Màmá. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òpin rẹ̀ náà pé.”

“Mo rí i. Ó pé.” Ó yíjú sí apá ibi tí ohùn mi wà, ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àlejò níwájú àwọn ènìyàn. “Bàbá ọdẹ, ta ni eléyìí?”

Ọkùnrin kúkúrú ni Adígún.